Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Àpò Òde-Sẹ́ẹ̀lì àti fún Ìlò Rẹ̀ nínú Ìdámọ̀ Àrùn Jẹjẹrẹ

0. Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí ọ̀rọ̀ ti rí fún ọmọ ènìyàn, bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí fún àwọn ohun tí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ń ṣàwárí. Ẹni tí ó bá fẹ́ fún irú ohun bẹ́ẹ̀ ní orúkọ ní èdè Yorùbá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ibi tí ohun náà ti wá, kí ó mọ iṣẹ́ tí ó ń ṣe, kí ó sì mọ ohun tí yóò wá sí ọkàn Yorùbá nígbà tí a bá pe orúkọ náà.

Iṣẹ́ tí àwọn aṣíwájú ti ṣe lórí ọ̀ràn yìí kò kéré. Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi hàn ní Ilé-Ifẹ̀ pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì fún odidi ọdún mẹ́fà. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olótùú rẹ̀, tí ó jáde ní 1990, pèsè ọ̀rọ̀ fún ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ ìṣègùn kò dúró de ẹnikẹ́ni, ọ̀pọ̀ ohun tí a ń bá pàdé nínú rẹ̀ lónìí ni kò sì tí ì ní orúkọ ní èdè wa.

Ohun méjì ni a ó yẹ̀ wò nínú iṣẹ́ yìí. Àkọ́kọ́ ni ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní extracellular vesicle. Èkejì ni ohun tí wọ́n ń pè ní biomarker. A ó fi hàn pé orúkọ tí a bá fún àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ sọ ju ohun tí a mọ̀ nípa rẹ̀ lọ, àti pé orúkọ tí a bá fún èkejì kò gbọdọ̀ ṣèlérí ohun tí kò lè ṣe. Èyí èkejì ni ó ká wa lára jù, nítorí pé ẹni tí yóò gbọ́ orúkọ náà lè jẹ́ aláìsàn tí ó jókòó síwájú oníṣègùn, tí ó ń dúró de èsì àyẹ̀wò.

1. Kí ni ohun náà?

Sẹ́ẹ̀lì ni ẹyọ ara tí ó kéré jù lọ tí ìyè wà nínú rẹ̀. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan, tí ó jẹ́ ọ̀rá ní ìpele méjì, ni ó yí i ká. Láti ara sẹ́ẹ̀lì ni àwọn àpò kéékèèké ti ń jáde bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀, itọ́, omi ọmú àti àwọn omi-ara mìíràn. Irú awọ ọlọ́rà kan náà ni ó yí àpò kọ̀ọ̀kan ká. Prótéènì, RNA àti àwọn nǹkan mìíràn tí ó ti inú sẹ́ẹ̀lì wá ni ẹrù tí ó wà nínú rẹ̀. Àpò yìí kì í ṣe sẹ́ẹ̀lì, kò sì lè bí irú ara rẹ̀.

Nánómítà ni a fi ń wọn ohun tí ó kéré báyìí. 1,000,000 rẹ̀ ni ó wà nínú mìlímítà kan ṣoṣo. Bí a bá to àpò tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 100 nánómítà sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, yóò tó nǹkan bí 75 kí wọ́n tó gùn tó ìbú sẹ́ẹ̀lì pupa kan nínú ẹ̀jẹ̀.

Bí a bá wo ọ̀nà tí wọ́n gbà ń jáde, a ó rí i pé oríṣi mẹ́ta ni wọ́n pín sí:

(1) a. Èyí tí sẹ́ẹ̀lì kọ́kọ́ ṣe sínú ara rẹ̀, nínú yàrá kan tí awọ yí ká, kí yàrá náà tó lọ lẹ̀ mọ́ awọ ìta, tí ó sì ṣí wọn síta. Ìbú wọn sábà máa ń jẹ́ 30 sí 150 nánómítà.

b. Èyí tí ó rú yọ lára awọ ìta sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀, bí èéhù ti ń yọ lára iṣu, tí ó sì já bọ́. Ìbú wọn jẹ́ nǹkan bí 100 sí 1,000 nánómítà.

d. Èyí tí ó kù sílẹ̀ nígbà tí sẹ́ẹ̀lì tí àkókò rẹ̀ pé bá ń kú, tí ó sì ń fọ́ sí wẹ́wẹ́. Àwọn wọ̀nyí tóbi jù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ju 1,000 nánómítà lọ.

Ohun tí ó yẹ kí a kíyèsí nínú (1) ni pé ìwọ̀n wọn wọnú ara wọn. Àpò tí ó jẹ́ 120 nánómítà lè jẹ́ ti (1a), ó sì lè jẹ́ ti (1b). Ẹni tí ó bá bá a nínú ẹ̀jẹ̀, lẹ́yìn tí ó ti kúrò lára sẹ́ẹ̀lì tipẹ́, kò lè fi ìwọ̀n nìkan mọ ibi tí ó ti wá. A ó padà sí ọ̀rọ̀ yìí ní ìsàlẹ̀.

1.1 Bí a ṣe mọ̀ wọ́n

Ní ọdún 1946, Erwin Chargaff àti Randolph West fi ẹ̀rọ yí omi ẹ̀jẹ̀ bírí pẹ̀lú agbára ńlá ní Yunifásítì Columbia ní New York. Wọ́n rí i pé ohun kan tí ó máa ń ran dídì ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ sọ̀kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìgò. Ní 1967, Peter Wolf, tí òun náà ń ṣe ìwádìí lórí dídì ẹ̀jẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣàpèjúwe àwọn ohun wínníwínní kan nínú ẹ̀jẹ̀. Eruku ni ó pè wọ́n.

Ní 1983, ẹgbẹ́ olùwádìí méjì, ọ̀kan ní St. Louis ní Amẹ́ríkà, èkejì ní Montreal ní Kánádà, ṣe iṣẹ́ lórí sẹ́ẹ̀lì pupa tí kò tí ì dàgbà tán. Wọ́n rí i pé bí sẹ́ẹ̀lì náà ti ń dàgbà, ó ń kó prótéènì kan tí kò nílò mọ́ sínú àwọn àpò kéékèèké, ó sì ń tì wọ́n síta. Rose Johnstone, tí ó wà nínú ẹgbẹ́ ti Montreal, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n fi orúkọ náà exosome pe irú àpò bẹ́ẹ̀ ní 1987.

Eruku ní 1967, ìdọ̀tí tí sẹ́ẹ̀lì ń gbá síta ní 1983. Yorùbá ní orúkọ a máa ro ni. Ohun tí a bá pè ní eruku, ta ni yóò jókòó tì í? Ní 1996 ni Graça Raposo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé àpò tí ó ti ara àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń dáàbò bo ara jáde lè ta àwọn sẹ́ẹ̀lì mìíràn jí sí iṣẹ́. Ní 2007, Hadi Valadi, Jan Lötvall àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Sweden fi hàn pé RNA wà nínú àwọn àpò náà, àti pé sẹ́ẹ̀lì tí ó bá gbà á lè lò ó. Láti ìgbà náà ni a ti mọ̀ pé ohun tí a pè ní eruku tún ń jẹ́ iṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ sẹ́ẹ̀lì kan sí èkejì.

Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ pẹ̀lú ń tú àpò jáde. Ẹrù inú àpò náà jọ ohun tí ó wà nínú sẹ́ẹ̀lì tí ó tú u jáde, awọ rẹ̀ sì ń dáàbò bo RNA tí ì bá tètè bàjẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀. Ní 2008, àwọn olùwádìí kan ní Boston wá RNA kan, tí ó jẹ́ ti sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ nìkan, nínú àpò tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn 25 tí wọ́n ní irú jẹjẹrẹ ọpọlọ tí ó le gan-an. Wọ́n rí i nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn 7. Wọn kò la orí ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó rí i nínú ẹ̀jẹ̀. Ohun ìyanu ni èyí jẹ́. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe gbàgbé àwọn 18 yòókù: RNA náà kò hàn nínú ẹ̀jẹ̀ tiwọn, bẹ́ẹ̀ ni jẹjẹrẹ wà nínú ọpọlọ gbogbo wọn. Apá kan ìdí rẹ̀ ni pé kì í ṣe gbogbo jẹjẹrẹ irú èyí ni ó ní RNA náà.

2. Orúkọ wo ni ó yẹ àpò náà?

Ọ̀nà mẹ́ta ni a sábà máa ń tọ̀ láti rí ọ̀rọ̀-ìperí: a lè yá ọ̀rọ̀ láti èdè mìíràn, a lè fẹ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ lójú, a sì lè ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tuntun láti inú àwọn tí ó wà. A yá sẹ́ẹ̀lì àti prótéènì, wọ́n sì ti di ti ilé. A kò rí ìdí tí a ó fi lé wọn jáde. Jẹjẹrẹ ti wà lẹ́nu tọmọdé tàgbà, kò nílò àrọ́pò. Ní ti àpò tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ márùn-ún ni a gbé yẹ̀ wò:

(2) a. hóró
b. ìhó
d. kókó
e. àdó
ẹ. àpò

Ohun tí ó le, tí inú rẹ̀ kún dẹ́nkẹ́, ni hóró ń jẹ́ ká rántí, bíi hóró àgbàdo. Kò sọ nípa awọ àti ẹrù. Ìhó ní awọ tẹ́ẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ lásán ni ó wà nínú rẹ̀. Kókó ti ń ṣiṣẹ́ fún ohun líle tí ń yọ lára, èyí tí ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ gan-an. Bí a bá tún lò ó fún àpò yìí, aláìsàn yóò rò pé àrùn náà ti tàn ká gbogbo ẹ̀jẹ̀ òun.

Àdó ni ó kọ́kọ́ wù wá. Igbá kékeré ni, ó ní ìdérí, àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ a sì máa fi í tọ́jú oògùn. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ṣe pàtàkì ju òun fúnra rẹ̀ lọ, gẹ́gẹ́ bí ti àpò wa yìí. Ṣùgbọ́n àdó kì í ṣe igbá lásán létí Yorùbá. Àwọn ènìyàn mọ̀ ọ́n mọ́ oògùn ìkà, àdó olóró sì ni à ń pe ohun ìjà tí ń bú gbàmù. Bí a bá wí fún aláìsàn pé àdó ń bẹ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó lè má bi wá léèrè ìtọ́jú mọ́. Ẹni tí ó fi í ránṣẹ́ sí i ni yóò máa wá kiri. Orúkọ tí ó bá lè lé aláìsàn kúrò ní ilé-ìwòsàn kò yẹ fún ìlò, bí ó ti wù kí ó bá ìrísí ohun náà mu tó.

Àpò ni ó kù. Ó ní awọ, ó ń gba ẹrù, ó ṣe é dì, ó sì ṣe é tú. A ti ń lò ó fún ẹ̀yà ara tẹ́lẹ̀, bíi àpò-ìtọ̀. Kò ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù. Ìka tí ó tọ́ sí imú ni a fi ń ro ó. Àpò ni ó tọ́ síbí. Láti fi hàn pé ó ti kúrò nínú sẹ́ẹ̀lì, a lè fi ẹ̀yìn tàbí òde kún un. Ẹ̀yìn lè túmọ̀ sí ohun tí ó tẹ̀lé nǹkan ní àkókò, ó sì lè jẹ́ apá kan nínú ohun náà; òde kò mú irú iyèméjì bẹ́ẹ̀ wá. Nítorí náà, àpò òde-sẹ́ẹ̀lì ni orúkọ gbogboogbò tí a dábàá.

Fún oríṣi mẹ́ta tí ó wà nínú (1), a dábàá àwọn wọ̀nyí: àpò àtinúwá fún (1a), àpò arúyọ fún (1b), àti àpò àfọ́kù fún (1d). Ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá ni orúkọ rẹ̀ ń sọ. Ibí yìí sì ni ìkìlọ̀ wà. Ní 2018, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ tí ń ṣe ìwádìí lórí àpò wọ̀nyí káàkiri àgbáyé gbé ìlànà kan jáde, wọ́n sì tún un sọ nínú èyí tí ó tẹ̀lé e: orúkọ gbogboogbò ni kí olùwádìí máa lò, àfi bí ó bá lè fi hàn pé inú sẹ́ẹ̀lì ni àpò tí ó wà lọ́wọ́ òun ti wá lóòótọ́. Ohun tí ó fa èyí ni pé ọ̀pọ̀ ìwé ti ń pe ohunkóhun tí ó bá kéré ní exosome. Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì yìí gba irú àṣìlò bẹ́ẹ̀ láàyè, nítorí pé ẹni tí ó ń kà á kò gbọ́ ibi tí ohun náà ti wá nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá pè é ní àpò àtinúwá ní èdè Yorùbá ti sọ̀rọ̀ kan tí a lè bi í pé: báwo ni ẹ ṣe mọ̀ pé inú ni ó ti wá?

3. Atọ́ka kì í ṣe ẹ̀rí

Wíwá àrùn nínú omi-ara kì í ṣe ohun tuntun. Láàárín 1847 sí 1848 ni Henry Bence Jones, oníṣègùn ní Lọ́ńdọ̀nù, kọ̀wé lórí prótéènì àràmàǹdà kan tí ó rí nínú ìtọ̀ aláìsàn tí egungun rẹ̀ ń rọ̀. Lónìí a mọ prótéènì náà mọ́ irú jẹjẹrẹ kan tí ó wà nínú mùdùnmúdùn egungun. Ohun tí a bá lè wọ̀n báyìí nínú ara, tí ó sì ń sọ fún ni bí ara ti wà, ni a ń wá orúkọ fún.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ó sún mọ́ ọn:

(3) a. àmì
b. ẹ̀rí
d. atọ́ka

A ti ń lo àmì fún ohun tí aláìsàn fúnra rẹ̀ mọ̀ lára tàbí tí a fi ojú rí, bíi ara gbígbóná tàbí èébì. Ohun tí a ń sọ níhìn-ín kì í hàn sí aláìsàn rárá. Ẹ̀rọ ni ó ń wọ̀n ọ́n. Ẹ̀rí ni àwọn kan ti ń lò nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, ó sì dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rí bá ti dé, ẹjọ́ ti parí. Atọ́ka kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ìka tọ́ka sí ilé fún àlejò ti ṣe iṣẹ́ ńlá, síbẹ̀ àlejò ni yóò rìn débẹ̀, tí yóò sì kan ilẹ̀kùn, kí ó tó mọ̀ bóyá onílé wà. Nítorí náà a dábàá atọ́ka-ara fún gbogbo ohun bẹ́ẹ̀, àti atọ́ka jẹjẹrẹ fún èyí tí ó bá jẹ mọ́ àrùn yìí.

3.1 Àpẹẹrẹ láti ara jẹjẹrẹ prọ́sítéètì

Prọ́sítéètì ni ẹ̀yà ara kékeré tí ó wà lábẹ́ àpò-ìtọ̀ ọkùnrin. Jẹjẹrẹ tí ó máa ń mú un ni ó wọ́pọ̀ jù lọ nínú jẹjẹrẹ àwọn ọkùnrin ní Nàìjíríà. Ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú, ó ń mú àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ju àwọn aláwọ̀ funfun lọ. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti òkèèrè fún wa.

Prótéènì tí a ń pè ní PSA ni atọ́ka tí a mọ̀ jù fún un. PSA a máa pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí jẹjẹrẹ bá wà. Ó tún máa ń pọ̀ nígbà tí prọ́sítéètì bá kàn wú nítorí ọjọ́ orí, tàbí nígbà tí kòkòrò àrùn bá wọ̀ ọ́. Láti mọ òótọ́, oníṣègùn gbọ́dọ̀ fi abẹ́rẹ́ bu ẹran díẹ̀ lára prọ́sítéètì wò. Ìyẹn ń dunni, ó lè fa ẹ̀jẹ̀, ó sì lè fa àkóràn.

Ibi tí àpò òde-sẹ́ẹ̀lì ti wọ ọ̀rọ̀ yìí ni pé a ti ṣe àyẹ̀wò kan tí ń wo RNA mẹ́ta nínú àpò tí ó wà nínú ìtọ̀. Ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní 2016 lò ó fún ọkùnrin 519 tí PSA wọn ti gbé sókè díẹ̀. Ó hàn pé bí a bá tẹ̀lé àyẹ̀wò náà, 138 nínú wọn ni a kì bá tí fi abẹ́rẹ́ gún. Ó hàn pẹ̀lú pé díẹ̀ nínú àwọn tí jẹjẹrẹ wọn le ni ì bá bọ́ mọ́ àyẹ̀wò náà lọ́wọ́. Ohun méjèèjì yìí ni òótọ́, kò sì yẹ kí a sọ ọ̀kan kí a fi èkejì pamọ́.

Àpẹẹrẹ mìíràn kọ́ wa ní sùúrù. Ní 2015, àwọn olùwádìí kan ní Texas kéde pé prótéènì kan lára àwọn àpò inú ẹ̀jẹ̀, glypican-1, ya gbogbo àwọn tí wọ́n ní jẹjẹrẹ páńkíríásì sọ́tọ̀ pátápátá kúrò lára àwọn tí ara wọn dá. Ìròyìn náà tàn kálẹ̀, nítorí pé jẹjẹrẹ yìí kì í tètè hàn, ó sì máa ń pani. Láti 2017, nígbà tí àwọn mìíràn tún un yẹ̀ wò nínú àwọn aláìsàn tiwọn, ìyàsọ́tọ̀ náà kò mọ́ gaara bẹ́ẹ̀ mọ́. Ká ní a ti pè é ní ẹ̀rí ní 2015, báwo ni a ó ṣe gba orúkọ náà padà?

3.2 Òṣùwọ̀n méjì fún atọ́ka

Bí atọ́ka kì í bá ṣe ẹ̀rí, a nílò ọ̀rọ̀ tí a ó fi sọ bí ó ti ṣeé gbẹ́kẹ̀lé tó. Àṣìṣe méjì ni àyẹ̀wò lè ṣe. Ó lè fojú fo ẹni tí àrùn wà lára rẹ̀. Ó sì lè ṣi ẹni tí ara rẹ̀ dá mú. Láti inú ọ̀rọ̀-ìṣe méjì yìí ni a ti ṣẹ̀dá àìfojúfò àti àìṣìmú. Ìwọ̀n àìfojúfò ni iye ènìyàn tí àyẹ̀wò rí mú nínú 100 tí wọ́n ní àrùn. Ìwọ̀n àìṣìmú ni iye tí ó dá sílẹ̀ nínú 100 tí kò ní in.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò kan ṣe àlàyé. Ká ní a yẹ ọkùnrin 1,000 wò, tí 10 péré nínú wọn sì ní jẹjẹrẹ. Ká ní ìwọ̀n àìfojúfò àyẹ̀wò wa jẹ́ 90 nínú 100, tí ìwọ̀n àìṣìmú rẹ̀ náà sì jẹ́ 90 nínú 100. Nínú àwọn 10, yóò mú 9, yóò fojú fo 1. Nínú àwọn 990 yòókù, yóò dá 891 sílẹ̀, yóò sì ṣi 99 mú. Gbogbo ẹni tí atọ́ka tọ́ka sí jẹ́ 108, ṣùgbọ́n 9 péré ni jẹjẹrẹ wà lára wọn: ẹyọ kan nínú 12.

Nínú ìṣirò yìí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín (3b) àti (3d) ti di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí. Bí a bá pe èsì náà ní ẹ̀rí, a ti sọ fún ọkùnrin 99 tí ara wọn dá pé ẹ̀rí jẹjẹrẹ wà lára wọn. Òmíràn lè lọ ta ilẹ̀ rẹ̀, òmíràn lè sá kúrò lọ́dọ̀ oníṣègùn, kí ó má sì padà wá mọ́. Ẹni kan tí a fojú fò ńkọ́? Bí a bá sọ fún un pé kò sí ẹ̀rí, yóò lọ sílé pẹ̀lú ìdùnnú, jẹjẹrẹ yóò sì máa dàgbà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá wí fún àwọn 108 pé atọ́ka tọ́ka sí ibi kan, ẹ jẹ́ kí a lọ wo ibẹ̀, tí a sì wí fún ẹni kan yẹn pé atọ́ka kò tọ́ka sí nǹkan lónìí, ẹ padà wá ní ọjọ́ báyìí, òótọ́ ni a sọ fún gbogbo wọn.

4. Àkójọ àwọn ọ̀rọ̀ tí a dábàá

(4) a. àpò òde-sẹ́ẹ̀lì: àpò wínníwínní, tí awọ ọlọ́rà yí ká, tí sẹ́ẹ̀lì tú síta, tí kò sì lè bí irú ara rẹ̀.
b. àpò àtinúwá: èyí tí a ti fi hàn pé yàrá inú sẹ́ẹ̀lì ni ó ti wá.
d. àpò arúyọ: èyí tí ó rú yọ lára awọ ìta sẹ́ẹ̀lì.
e. àpò àfọ́kù: èyí tí ó kù nígbà tí sẹ́ẹ̀lì kú, tí ó sì fọ́.
ẹ. atọ́ka-ara: ohun tí a lè wọ̀n nínú ara, tí ó ń tọ́ka sí ìlera, àìsàn tàbí bí ìtọ́jú ti ń ṣiṣẹ́.
f. àyẹ̀wò omi-ara: wíwá atọ́ka nínú ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀ tàbí omi-ara mìíràn, láìgé ẹran.
g. ìdámọ̀-àìsàn: ìpinnu oníṣègùn, lẹ́yìn gbogbo àyẹ̀wò, pé àìsàn báyìí ni.
gb. àìfojúfò àti àìṣìmú: òṣùwọ̀n méjì tí a fi ń mọ bí atọ́ka ti ṣeé gbẹ́kẹ̀lé tó.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín (4f) àti (4g) ṣe pàtàkì. Àyẹ̀wò omi-ara lè wà lára ohun tí ó yọrí sí ìdámọ̀-àìsàn. Òun nìkan kọ́ ni ìdámọ̀-àìsàn.

5. Ìkádìí

A ti gbìyànjú láti fi hàn nínú iṣẹ́ yìí pé kì í ṣe ìrísí ohun nìkan ni ó yẹ kí a wò bí a bá ń wá ọ̀rọ̀-ìperí fún ìmọ̀ ìṣègùn. Àdó bá ìrísí mu, a sì kọ̀ ọ́ nítorí ẹ̀rù tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rí dùn ún gbọ́, a kọ̀ ọ́ nítorí pé ó ju òótọ́ lọ. Àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi rọ́pò wọn kì í ṣe àṣẹ. Àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn oníṣègùn àti àwọn agbófọ̀ tí ń fi Yorùbá bá aláìsàn sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́ ni yóò mọ̀ bí wọ́n bá yọ̀ lẹ́nu, bí aláìsàn bá sì gbọ́ wọn yé. Bí ọ̀rọ̀ kan nínú (4) bá kọ̀ tí kò gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu, kí wọ́n fi tó wa létí, kí a lè tún un ṣe kí ó tó wọ ìwé àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́.